Mo dé Knoebels: rólà-kósítà onígi ọdún 1948, ìyá mi, àti ọgbà tí wọn kì í gba owó ẹnu-ọ̀nà

AgẹṣinIgi | Sátidé, 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá ti ń ka ọ̀rọ̀ mi níbí tipẹ́ mọ̀ pé lẹ́yìn ìdílé mi, rólà-kósítà ni mo fẹ́ràn jù, ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ń gòkè tó sì ń já wálẹ̀ pẹ̀lú eré lójú ọ̀nà tirẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé Maryland, mo ti gun mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Mo ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé kan, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìjókòó tí mo jókòó sí. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí ni mo fẹ́ ròyìn, torí kò gba inú ìwé yẹn.

Knoebels lorúkọ ọgbà ìgbafẹ́ náà. Ẹ má gbé K rẹ̀ mì o, "Ka-nó-bẹ̀sì" ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Inú igbó ló wà, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Elysburg, láàárín gbùngbùn Pennsylvania. Láti Baltimore, mo gba I-83 dé Harrisburg, lẹ́yìn náà mo ń bá odò Susquehanna rìn lọ sókè. Ó tó bíi wákàtí mẹ́ta. Ìdílé kan ló ni ín. Ọdún 1926 ni wọ́n ṣí i, odò ìlúwẹ̀ tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ló sì kọ́kọ́ ń pe èrò. Ọwọ́ ìdílé yẹn náà ló ṣì wà títí di òní.

Ìyá mi wá kí wa láti Ìbàdàn. Wọ́n ti pé 71, orúnkún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ìyàwó mi ní kí n má kó àgbàlagbà lọ síbi tí wọ́n á ti máa dúró nínú oòrùn nítorí ohun tí èmi fẹ́. Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí wọ́n wá ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo mú wọn lọ sí ọgbà ńlá kan tí mi ò ní dárúkọ. Mo san owó ìgbọ́kọ̀sí, mo san owó ẹnu-ọ̀nà wọn pé pérépéré, wọ́n sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, wọn ò gun ohunkóhun. Owó tí mo san kí ìyá mi lè jókòó lọ́jọ́ yẹn ṣì ń dùn mí dòní.

A dé Knoebels, mo ń wá géètì, mi ò rí géètì. Ìgbọ́kọ̀sí, ọ̀fẹ́. Ìwọlé, ọ̀fẹ́. Ẹ kàn ń rìn lọ lábẹ́ igi ni, ẹ ó sì bá ara yín láàárín ọgbà. Ohun tí ẹ bá fẹ́ gùn nìkan lẹ máa san owó rẹ̀. Ẹ ó ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì gbà á lọ́wọ́ yín bí ẹ bá ti dé ìdí ohun tí ẹ fẹ́ gùn. Ìyá mi bi mí léèrè lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé ó dá mi lójú pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀ wá bá wa gbowó.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, mo fi àwọn àti ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún méje sílẹ̀ létí Roaring Creek, odò kékeré tó gba inú ọgbà náà kọjá, mo sì lọ bá Phoenix.

Rólà-kósítà onígi ni. Òkè rẹ̀ tó ga jù jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 78, ìyẹn mítà 24. Eré rẹ̀ kò ju máìlì 45 láàárín wákàtí kan. Ẹni tó ń wá gíga kò ní yà síbẹ̀. Ẹ wá wo ohun tó ṣe fún mi. Bó ṣe kúrò ní ibùdó, kò tíì gòkè rárá tó fi wọ ihò òkùnkùn kan. Òkùnkùn biribiri. Ariwo igi àti irin nìkan là ń gbọ́. Ó jáde, ṣéènì gbá a mú lábẹ́, ó ń fà á lọ sókè, kà, kà, kà, kà. Lókè yẹn, iná gbogbo ọgbà wà nísàlẹ̀, igbó dúdú yí i ká. Ó wá já wálẹ̀. Ó sáré dé ìpẹ̀kun, ó yí padà, ó tún sáré padà lọ. Nígbà tó máa fi kan àwọn òkè kéékèèké ìparí, ìdí mi kò kan ìjókòó mọ́. Ọ̀pá irin kan péré ló wà lórí itan èmi àti ẹni tó jókòó tì mí, kò fún mọ́ wa lára, nítorí náà bí ọkọ̀ bá ti já wálẹ̀, ara ẹni á ṣì máa lọ sókè. Léraléra. Mo ń pariwo bí ọmọdé.

Ohun tí àwa olólùfẹ́ rólà-kósítà ń wá kiri ayé nìyẹn, ìgbà kúkúrú yẹn tí ara kò ní ìwọ̀n mọ́. Mi ò rí èyí tó fún mi tó bẹ́ẹ̀ rí, nínú gbogbo èyí tó ga jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ìgbà méje ni mo gùn ún lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ti fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Golden Ticket gẹ́gẹ́ bí rólà-kósítà onígi tó dára jù, ní 2018 àti 2019. Mo ti rí ìdí rẹ̀ wàyí.

Mo padà dé etí odò, ìyá mi ní, "A gbọ́ ohùn rẹ. Ọmọ rẹ mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí tàwọn yòókù."

Ìyá_Tòmíwá | Sátidé, 10:15 alẹ́

Ẹ káàbọ̀, bọ̀dá mi. Ẹ jọ̀ọ́, Philadelphia la wà, kò lè jìnnà sí wa. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọdún mẹ́sàn-án, ó ti ń da wá láàmú. Ìbéèrè mi: ṣé wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn gbé oúnjẹ wọlé? Ibi tí a lọ lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní ká da ìrẹsì wa nù lẹ́nu géètì. Omijé bọ́ lójú mi, mo sọ fún yín.

AgẹṣinIgi | Sátidé, 10:22 alẹ́

Ẹ gbé e wá, ẹ̀gbọ́n mi! Tábìlì onígi wà káàkiri lábẹ́ igi fún ẹni tó bá gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá. Mọ́ínmọ́ín àti ẹja díndín la jẹ lọ́sàn-án. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra oúnjẹ, ọgbà yẹn lókìkí fún oúnjẹ rẹ̀. Ẹ béèrè pierogi, ìyẹ̀fun rírọ̀ tí wọ́n fi ọ̀dùnkún sínú rẹ̀. Àwọn ará ìlà-oòrùn Yúróòpù tó wá wa èédú ládùúgbò yẹn láyé àtijọ́ ló gbé e wá. Musíọ́mù kan wà nínú ọgbà náà nípa àwọn awakùsà wọ̀nyẹn, ẹ má fò ó.

Láti Philadelphia, ẹ fi wákàtí méjì àtààbọ̀ sí i.

Bánkẹ́_SanAntonio | Sátidé, 11:03 alẹ́

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fóònù sílẹ̀ nígbà tí mo rí orúkọ Phoenix. Ẹ̀yin ará, ìlú tí mo ń gbé ni wọ́n ti gbé e lọ! Níbí ní San Antonio, ní Playland Park, ló ti wà tẹ́lẹ̀. Rocket lorúkọ rẹ̀ nígbà náà. Màmá àgbà kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó gùn ún nígbà ọmọge. Wọ́n ní bàbá wọn kò fẹ́ kí wọ́n lọ, àwọn sì bá ẹ̀gbọ́n wọn lọ. Wọ́n rò pé wọ́n ti dáná sun ún ni, ìgbà tí mo sọ fún wọn pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́, wọ́n dì mí mú.

AgẹṣinIgi, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ ìtàn bó ṣe débẹ̀. Mo fẹ́ kà á sí wọn létí ní Sọ́ńdè.

AgẹṣinIgi | Sátidé, 11:41 alẹ́

Ha, Bánkẹ́! Ẹ bá mi kí màmá gan-an ni.

Báyìí ló rí. Ilé-iṣẹ́ Philadelphia Toboggan Company ló kọ́ ọ, Herbert Schmeck ló yàwòrán rẹ̀, ọdún 1948 ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní San Antonio. Ní 1980, wọ́n ti Playland pa. Rocket dúró síbẹ̀ lásán nínú oòrùn àti òjò fún bí ọdún mẹ́rin. Irú ipò yẹn, wíwó ló sábà máa ń kẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ìdílé Knoebels wá gbọ́, wọ́n sì rà á.

Ẹ ronú nípa rẹ̀. Nǹkan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 3,200, ó ju pápá bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án tí a tò ní òró. Wọ́n tú u ní pákó kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n sì fi nọ́ńbà sí wọn lára kí wọ́n lè mọ ibi tí oníkálukú yóò padà sí. Ọkùnrin tó ń jẹ́ Charles Dinn ló darí iṣẹ́ náà. Wọ́n kó o sínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó rin ìrìn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan máìlì láti Texas dé Pennsylvania, wọ́n sì tún un tò. Ní oṣù kẹfà ọdún 1985, ó gbé èrò. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Phoenix, ẹyẹ inú ìtàn tó ń jóná tó sì ń jí dìde láti inú eérú ara rẹ̀.

Lójú tèmi, ohun tí wọ́n ṣe yẹn ló jẹ́ kí àwọn míì tún gbà pé rólà-kósítà onígi ṣeé gbà là.

Sólá_NJ | Sọ́ńdè, 8:12 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n AgẹṣinIgi. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n takò yín díẹ̀. Ọmọkùnrin mẹ́ta ni mo bí. Bí mo bá mú wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń san owó lọ́kọ̀ọ̀kan, kí aago kan ọ̀sán tó lù, àpò mi ti gbẹ. Ọgbà ńlá tí mo ti san owó lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, mo ti mọ ohun tí mo ná. Ọkàn mi á balẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì, gíga ní adùn tirẹ̀, ẹ má kó o dànù. Mo gun rólà-kósítà Kingda Ka níbí ní New Jersey. Ẹsẹ̀ bàtà 456! Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn, ó ga ju Ilé Kòkó tó wà ní Dùgbẹ̀ lọ. Ó ń sáré máìlì 128 láàárín wákàtí kan nígbà náà. Nígbà tí mo dé orí rẹ̀, mo pe orúkọ Ọlọ́run, mo sì sọkún ayọ̀ nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀. Ọdún yẹn ni bàbá mi kú, mi ò tíì rẹ́rìn-ín fún oṣù mẹ́ta. Phoenix yín ò lè ṣe ìyẹn fún mi.

AgẹṣinIgi | Sọ́ńdè, 9:30 àárọ̀

Àbúrò mi, Ọlọ́run ó tẹ́ bàbá sáfẹ́fẹ́ rere. Mi ò ní bá ẹ jiyàn lórí ohun tí Kingda Ka ṣe fún ẹ. Mo gùn ún náà, ẹ̀rù rẹ̀ ṣì wà lára mi.

Ṣùgbọ́n wo ìgbẹ̀yìn rẹ̀. Ọdún 2005 ló bẹ̀rẹ̀. Ní 2024 wọ́n dá a dúró, ní oṣù kejì ọdún 2025 wọ́n fi bọ́ǹbù wó o lulẹ̀. Kò pé ogún ọdún. Òun ló ga jù láyé ní gbogbo ìgbà tó fi wà. Phoenix tí gíga rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin Ilé Kòkó, wọ́n ti pa ọgbà tó wà rí, ó ti rin láti ìpẹ̀kun Texas, ó sì ń gbé èrò lálẹ́ òní. Mi ò sọ pé kékeré dára ju ńlá lọ nígbà gbogbo. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó ni ín fẹ́ràn ẹ̀, ìdí tó fi wà láàyè nìyẹn.

Ní ti owó, òótọ́ lo sọ. Ẹni tó bá fẹ́ gun nǹkan láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ láìsinmi, tíkẹ́ẹ̀tì ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò ní dára fún un. Àmọ́ àwọn ọjọ́ kan wà tí wọ́n ń ta ọ̀já ọrùn-ọwọ́ tí èèyàn á fi gùn ún títí. Wo ojú-ìwé wọn kí o tó lọ. Fún ìdílé tí ìyá àgbà, ọmọ ìkókó àti ẹni tí òòyì máa ń kọ́ wà nínú rẹ̀, kò sí ibi tó dà bíi rẹ̀. Ẹni tó máa gùn ló sanwó, ẹni tó máa wòran wòran lọ́fẹ̀ẹ́.

Káfíńtà_Òṣogbo | Sọ́ńdè, 2:20 ọ̀sán

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọjọ́ Ọlọ́run. Ọmọ mi tó wà ní Dallas ló fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí mi. Iṣẹ́ káfíńtà ni mo ti ń ṣe fún ogójì ọdún ó lé mẹ́ta. Mo fẹ́ béèrè tọkàntọkàn. Igi tó ti wà nínú òjò, oòrùn àti yìnyín láti 1948, tí ọkọ̀ irin tó kún fún èèyàn sì ń gba orí rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, báwo ni kò ṣe tíì jẹrà? Pákó òrùlé níbí, tí a kò bá kùn ún lóògùn, ọdún mẹ́wàá ni ikán fi máa jẹ ẹ́ tán. Irú igi wo ni?

Ẹnjiníà_Dàpọ̀ | Sọ́ńdè, 4:05 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn torí iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo kọ́, mo sì ti ka púpọ̀ lórí rẹ̀.

Èyí tó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni pé wọn kì í dúró de kí igi náà jẹrà. Lọ́dọọdún, nígbà òtútù tí ọgbà bá wà ní títì, àwọn káfíńtà máa ń gun orí rẹ̀, wọ́n á yọ pákó tó bá ti rẹ̀, wọ́n á fi tuntun sí i. Apá kan lọ́dún yìí, apá míì lọ́dún tó ń bọ̀. Nítorí náà, Phoenix ti 1948 ni, àmọ́ ọ̀pọ̀ pákó ara rẹ̀ kéré sí i lọ́jọ́ orí. Igi tí wọ́n sábà máa ń lò fún irú iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà ni páìnì gúúsù, tí wọ́n ti ki oògùn bọ inú rẹ̀ kí omi àti kòkòrò má bàa wọ̀ ọ́.

Ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà, pákó lórí pákó ni, ìpele méje tàbí mẹ́jọ, tí wọ́n fi bóòtì dè pọ̀. Irin pẹlẹbẹ ló wà lórí èyí tó wà lókè pátápátá, orí irin yẹn ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń tẹ̀. Ẹsẹ̀ náà sì pé oríṣi mẹ́ta. Ọ̀kan ń yí lórí irin. Ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọkọ̀ má bàa yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ìkẹta wà lábẹ́, ó há mọ́ ìsàlẹ̀ ojú ọ̀nà, òun ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fò kúrò nígbà tí ara àwọn èrò bá ń lọ sókè. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Miller ló gba ìwé ẹ̀tọ́ olùhùmọ̀ fún ẹsẹ̀ ìkẹta yẹn ní 1919. Kí tirẹ̀ tó dé, wọn ò lè kọ́ òkè tó dá gérégéré.

Ariwo kà, kà, kà tí AgẹṣinIgi gbọ́, eyín irin ni. Ó ń ṣubú sínú àlàfo ojú ọ̀nà bí ọkọ̀ ṣe ń gòkè. Bí ṣéènì bá já, eyín yẹn ló máa dá ọkọ̀ dúró kó má bàa fi ẹ̀yìn rìn padà wálẹ̀.

Nǹkan kan tó dùn mọ́ mi: ní Pennsylvania, ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ètò ọ̀gbìn, àwọn kan náà tó ń rí sí oko àti màlúù, ló ń ṣe àbójútó àwọn ohun tí èèyàn ń gùn nínú ọgbà ìgbafẹ́.

Káfíńtà_Òṣogbo | Sọ́ńdè, 5:17 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ mi, o ṣeun. Ọ̀rọ̀ yìí yé mi dáadáa. Bí a ṣe ń tún ilé àwọn bàbá wa ṣe náà nìyẹn, a ó yọ ìgànná kan, a ó fi òmíràn sí i, ilé ṣì ń jẹ́ ilé bàbá wa.

Ṣé igi náà ń mì bí ọkọ̀ bá ń kọjá?

AgẹṣinIgi | Sọ́ńdè, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Ó ń mì, bàbá. Mo dúró lábẹ́ rẹ̀, mo fọwọ́ kan òpó kan nígbà tí ọkọ̀ ń bọ̀. Ó mì díẹ̀, ó sì padà sí ipò rẹ̀. Mo gbọ́ pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, igi tó bá gan jù ló ń kán.

Ẹnjiníà_Dàpọ̀ | Sọ́ńdè, 5:52 ìrọ̀lẹ́

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, bàbá. AgẹṣinIgi, mo fẹ́ bi yín. Ṣé ẹ gun Flying Turns?

AgẹṣinIgi | Sọ́ńdè, 6:30 ìrọ̀lẹ́

Mo gùn ún, mo sì ti ń retí kí ẹnì kan béèrè.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ fojú inú wo ọpọ́n gígùn kan tí wọ́n fi igi ṣe, tó dà bí ìdajì àgbá tí a dà dùbúlẹ̀, tó ń yí lọ, yí bọ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí irin nínú rẹ̀. Ọkọ̀ kéékèèké mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀ ń fi ẹsẹ̀ wọn yí lọ nínú ọpọ́n náà. Bí ó bá dé kọ́nà, fúnra rẹ̀ ló ń gun ògiri, kò sí ohun tó darí rẹ̀ ju eré tó ń sá àti ìwọ̀n ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣọ́ra gidigidi nípa ìwọ̀n àwọn tó bá máa wọ ọkọ̀ kan pọ̀.

Láàárín 1929 sí ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ ni irú rẹ̀ gbilẹ̀. Norman Bartlett ló ronú kàn án. Gbogbo wọn ni wọ́n wó. Àwọn ará Knoebels pinnu pé àwọn á tún kọ́ ọ̀kan, ó sì gbà wọ́n ní bíi ọdún méje gbáko, torí ẹsẹ̀ ọkọ̀ àkọ́kọ́ kò ṣe déédéé, wọ́n ní láti tún un ṣe. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013 ló tó gbé èrò. Ilé-iṣẹ́ ńlá tó ní olówó tó ń béèrè èrè lọ́dọọdún kò lè ní irú sùúrù yẹn. Ìdílé ló lè ní in.

Rólà-kósítà onígi míì, Twister, náà wà níbẹ̀, ti 1999. Ìyẹn, ọgbà Elitch Gardens ní Denver ló ní irú rẹ̀ àkọ́kọ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbé ti Denver bí wọ́n ṣe gbé Phoenix, kò ṣeé gbé, ni wọ́n bá kọ́ tuntun ní àwòṣe rẹ̀. Ó gùn, ó ní agbára. Ṣùgbọ́n ọkàn mi wà lọ́dọ̀ Phoenix.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá | Mọ́ńdè, 7:05 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èmi nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí gbé padà sí Trans, ọgbà ìgbafẹ́ tó wà ní Bódìjà, n'Ìbàdàn? Ọdún Iléyá, aṣọ tuntun, bàtà tó ń há lẹ́sẹ̀, gbogbo Ìbàdàn á pé síbẹ̀. Bàbá mi kì í gun ohunkóhun. Wọ́n á gbé bàtà mi dání, wọ́n á sì máa wò mí láti ìsàlẹ̀.

AgẹṣinIgi | Mọ́ńdè, 7:48 àárọ̀

Ìwọ nìkan kọ́. Ibẹ̀ ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi ló mú mi lọ nígbà tí mo wà ní praimárì kẹrin. Nígbà tí mo sọ fún wọn lábẹ́ igi ní Knoebels pé, "Ẹ rántí Trans?", wọ́n ní mo kọ̀ láti kúrò lórí ẹṣin onígi lọ́jọ́ yẹn títí wọ́n fi gbé mi sọ̀ kalẹ̀ tipátipá.

Nítorí náà mo mú wọn lọ sídìí ẹṣin ti Knoebels. Ọdún 1913 ni wọ́n ṣe é, ẹṣin 63 ló wà lórí rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ gbogbo wọn. Ìyá mi kò lè gun ẹṣin nítorí orúnkún, àmọ́ ìjókòó bíi kẹ̀kẹ́ ọba wà láàárín wọn, ibẹ̀ ni wọ́n jókòó sí. Ọmọ mi wà lórí ẹṣin ìta. Lẹ́bàá ibẹ̀, apá igi kan ń na òrùka irin jáde. Bí ẹṣin rẹ bá ti ń kọjá, o máa na ọwọ́, o máa fa òrùka kan yọ. Láàárín gbogbo òrùka yẹn, idẹ ni ọ̀kan. Ẹni tó bá fa idẹ náà yọ á tún gùn lọ́fẹ̀ẹ́. Irú eré yìí ti tán ní ibi púpọ̀.

Ọwọ́ ọmọ mi kò tó o. Ó nà án títí. Ìyá mi ń pariwo láti inú kẹ̀kẹ́ wọn pé, "Na ọwọ́ sí i! Na ọwọ́ sí i, ọmọ mi!" Èmi ń wò wọ́n láti ìsàlẹ̀, mo gbé bàtà ìyá mi dání.

Ọmọ_Manchester | Mọ́ńdè, 1:15 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára gan-an. Níbí ní England, mo máa ń lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ Pleasure Beach ní Blackpool. Kì í ṣe ọgbà kékeré, àmọ́ ìdílé ló ni ín pẹ́, ó sì ní rólà-kósítà onígi kan tó ń jẹ́ Grand National, ti 1935. Ọkọ̀ méjì ló ń bára wọn díje, wọ́n sì so ojú ọ̀nà méjèèjì pọ̀ débi pé ọkọ̀ tó bá jáde lápá òsì á padà wọlé lápá ọ̀tún. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ kàn sí mi, màá mú yín lọ.

Sólá_NJ | Mọ́ńdè, 9:50 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ti òrùka yẹn fún ìyàwó mi. Ó ní ká lọ kí ilé-ẹ̀kọ́ tó wọlé. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ gíga o, ṣùgbọ́n ìyá ìyàwó mi wà pẹ̀lú wa, a ò sì tíì rí ibi tí a lè mú wọn lọ láìsanwó tí wọn ò ní jẹ. Ṣé ibi ìsùn wà nítòsí?

AgẹṣinIgi | Mọ́ńdè, 10:08 alẹ́

Ó wà. Ibi tí wọ́n ń pàgọ́ sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà náà gan-an, ilé onígi kéékèèké náà wà níbẹ̀. Ẹ tètè gbà á sílẹ̀, ó máa ń kún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òjò ńlá bá rọ̀, kí ẹ kíyè sí odò yẹn: ìkún omi ti wọ ọgbà náà ní 1972 nígbà ìjì Agnes, ó tún wọ̀ ọ́ ní 2011. Lẹ́yìn ti ìgbà kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbá ẹrọ̀fọ̀ kúrò, wọ́n sì tún ṣí i.

Gun Phoenix lálẹ́, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá. Kí o sì padà wá sọ fún mi.

Ìyá_Tòmíwá | Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Sọ́ńdè, 8:35 alẹ́

Ẹ̀yin ará mi, a lọ! A ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, mi ò tíì tú ẹrù.

Mo gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, adìyẹ àti dòdò. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Ìdílé kan tó jókòó nítòsí wa béèrè ohun tí à ń jẹ, mo bù fún wọn, wọ́n sì fún wa ní páì èso bulúbẹ́rì.

Tòmíwá gun Phoenix ní ìgbà mẹ́rin pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Èmi fẹ́ gùn ún, ẹ̀rù bà mí, mo padà lẹ́nu ìlà. Bàbá rẹ̀ kò sọ nǹkan kan, ó kàn fi tíkẹ́ẹ̀tì tèmi sínú pọ́ọ̀sì mi. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ń lọ lù, mo dìde láìsọ fún ẹnikẹ́ni, mo lọ tò. AgẹṣinIgi, ihò òkùnkùn yẹn! Mo ka Sáàmù kọkànlélógún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó tó jáde. Nígbà tó ń gòkè, mo gbọ́ eyín irin tí Ẹnjiníà sọ, mo sì ń sọ fún ara mi pé, "Eyín ni, eyín ni, kò lè padà sẹ́yìn." Ìyẹn ló gbé mi dé òkè.

AgẹṣinIgi | Sọ́ńdè, 8:41 alẹ́

Òrùka ńkọ́?

Ìyá_Tòmíwá | Sọ́ńdè, 8:44 alẹ́

Irin mẹ́rìnlá. Idẹ kò jáde sí i lọ́wọ́. Ó ní ká padà lọ ní Sátidé.